Gẹ̀ẹ́sì Ni Kò Mọ Ọ̀wọ̀

Ojúlé Kẹsàn-án,
Jahi,
Àbújá.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Eyínmẹ́nugún, ọkọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú òtútù Kánádà, mo kí yín kú iṣẹ́, a sì tún kú ara-fẹ́ra-kù ẹ̀gbọ́n yín. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń gbọ́ Yorùbá? Àwa náà ń mí níbí. Ìtùnúolúwa ọmọ yín ti ga jù mí lọ.

Ẹ bi mí nípa ẹ̀kọ́ yunifásítì tí ẹ̀gbọ́n yín forúkọ mi sílẹ̀ fún kí wọ́n tó lọ. Mo ṣì ń ṣe é lórí fóònù, lẹ́yìn iṣẹ́. Bí n kò bá yege nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò ní jẹ́ kí n kọjá sí ọdún kejì. Ẹ sì mọ̀ pé ohun tí ẹ̀gbọ́n yín bẹ̀ mí sí kẹ́yìn nìyẹn, pé kí n má fi í sílẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, olùkọ́ ní kí a kọ̀wé nípa ẹnì kan tí a fẹ́ràn. Ṣìmí, ọmọ kíláàsì wa kan, pè mí: "Màmá, ẹ má da ara yín láàmú jàre. Ẹ sọ ọ́ fún ẹ̀rọ tó ń báni kọ̀wé, á ti kọ ọ́ tán kí ọbẹ̀ yín tó hó. Gbogbo wa là ń ṣe é." Ó tilẹ̀ ti ṣe tèmi ránṣẹ́ sí mi. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n n kò mọ ọkùnrin inú rẹ̀ rí. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín tó máa ń kí ẹja ní ọjà ẹja Kado pé "ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá mi" kí ẹlẹ́ja tó pa á.

Mo ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Èmi ni mo sin wọ́n, èmi ni màá kọ ọ́."

Ẹ mọ̀ pé n kò lè la ẹnu pe ẹ̀gbọ́n yín ní "ó". Ọwọ́ mi náà kọ̀. "They" ni mo kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀: they like fish, they sleep, they did not wake. Nígbà tí olùkọ́ ń ka iṣẹ́ wa létí gbogbo kíláàsì, ó dúró lórí tèmi, ó ní, "Màdáàmù, ọkọ mélòó ló kú mọ́ yín lọ́wọ́?" Ẹnì kan ní, "Kai! Àbí odidi bọ́ọ̀sì ló dojú dé?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín Ṣìmí níbẹ̀.

Mo ní, "Ẹyọ kan ni, sà. Ẹyọ kan náà ni mo ní."

Olùkọ́ tọrọ àforíjì. Ó ní òun mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́, pé ẹ̀rọ kò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn. Ṣùgbọ́n àṣìṣe ni, kí n lọ tún un kọ. Àwọn tí ẹ̀rọ bá wọn kọ tiwọn ti yege ní tiwọn. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná mo jókòó tì í. Gbogbo ibi tí "they" wà ni mo pa rẹ́, mo fi "he" sí i. Ó dà bí ẹni pé mò ń ṣí fìlà lórí wọn láàárín ọjà. Bí mo bá ti tẹ ọ̀kan, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ìtùnúolúwa yọjú, ó bi mí pé ta ni mò ń bẹ̀.

Mo ti fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Bí ẹ bá sì ń gbàdúrà, ẹ̀yin tí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín jọ mu ọmú kan náà, ẹ bá mi sọ fún wọn pé Gẹ̀ẹ́sì ni kò mọ ọ̀wọ̀, kì í ṣe èmi.

Èmi ni, ìyàwó yín síbẹ̀síbẹ̀,
Kúnbi