Mọ́tò Tí Ọkọ Mi Ò Lè Dá Wọ

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi o, àwọn ará ilé ọkọ mi ń gbọ́ yín lórí rédíò.

Ọkọ mi fẹ́ràn kó máa fi mọ́tò sáré ìje lọ́jọ́ ìsinmi. Mọ́tò ìje kékeré kan tó ti gbó, tí ò gbówó lórí, ló rà, ó yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè fúyẹ́. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ wẹ́dà wá jó irin mọ́ inú rẹ̀ yíká, títí kan ẹnu ilẹ̀kùn, kí òrùlé má bàa tẹ̀ ẹ́ pa bí mọ́tò bá yí. Ojú fèrèsé ló ń gbà wọlé.

Mọ́tò náà yí lóòótọ́. Irin yẹn ò jẹ́ kó kú, àmọ́ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kán, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ó tún fẹ́ sáré ní Sátidé? Ó ti tún mọ́tò náà ṣe, ó sì ní kí wọ́n gbé gbogbo ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ wá sídìí sítíárì, kó lè máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀ tó jó irin náà kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní gbé e gba ojú fèrèsé sínú ẹ̀. Ọkọ mi bá kọjú sí mi: “Ìyá àwọn ọmọ mi, ṣebí ìwọ lo ń gbé mi lọ balùwẹ̀.”

Bí mo bá kọ̀, kì í jẹun, ògiri ló ń wò. Lánàá tó rò pé mo ti gbà, ó rẹ́rìn-ín. Mo ti gbàgbé tẹ́lẹ̀ bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe ń rí.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo lágbára láti gbé e wọlé. Bí mọ́tò náà bá gbiná, ta ló máa gbé e jáde?