Irun Ẹnu Jẹ́jẹ́

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ọkitóbà 4

Mo ra ìwé yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Àpòmù. Ìwé ọmọ iléèwé ni, ogójì ojú-ewé. Ìyá Fáìsá ló ní kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀, pé tí òun bá pè, n kì í rí nǹkan kan sọ ju "a dúpẹ́" lọ. Ó di ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ tó ti lọ bá Fáìsátù ọmọ wa tọ́mọ ní Kánádà. Oṣù mẹ́fà ló pè é nígbà tó ń lọ.

Kí ni kí n wá kọ? Mo jí. Mo kírun. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo gẹ irun orí mẹ́ta. Mo ti ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ Ajé, 6

Alhaji Àbídì rán Khalid sí mi láti Ìkirè. Alhaji yìí ló fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ báǹkì tó wá kọ́ ilé ẹṣin sẹ́yìn ìlú. Khalid ló ń bá wọn tọ́jú ẹṣin. Raliat ọmọ wọn fẹ́ gun ẹṣin lọ ìdíje kan n'Ìbàdàn ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí, wọ́n sì ń wá onígbàjámọ̀ tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ tó máa gẹ irun ara ẹṣin náà.

Mo ní ṣé ẹṣin náà á lè jókòó sórí àga. Khalid rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 8

Mo dé Ìkirè. Mo rí ẹṣin náà. Ó pupa bí epo, ó ga jù mí lọ. Prince ni Raliat ń pè é. Èmi ti sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́ nínú ara mi, torí bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀, bí ẹni tó wọ yàrá tí ọmọ jòjòló ti ń sùn.

Raliat ò tíì ju ogún ọdún lọ, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fágbà. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìdíje náà kì í ṣe eré sísá. Ẹṣin á máa rìn ní ìwọ̀n, á yí sósì, á yí sọ́tùn-ún, adájọ́ á jókòó, á máa fún un ní máàkì. Ìmúra ẹṣin náà ní òfin tiẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí aró lára ẹ̀, kò gbọdọ̀ sí ríbọ́ọ̀nù, kò gbọdọ̀ sí nǹkan tó ń dán. Ṣùgbọ́n èèyàn lè fi kílípà ya iṣẹ́ ọnà sínú irun ìdí ẹ̀. Ó fi ìwé òfin ránṣẹ́ sórí fóònù mi, ojú-ewé mẹ́ta. Mo ka àkọ́kọ́, mo rí ibi tí wọ́n ti gba iṣẹ́ ọnà láyè, ó tó mi.

Ó ní olórí kunkun ni ẹṣin náà o. Tí wọ́n bá ní kó yà sósì, á yà. Tó bá di ọ̀tún, á dúró gbagidi, àfi kí òun fi pàṣán kàn án.

Ọjọ́ Jímọ̀, 10

Mo gbé kílípà lọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ewé kòkó ni mo yà sí i nídìí, pẹ̀lú gbogbo iṣan inú ewé. Kí n má parọ́, ó rẹwà. Ì bá wù mí kí bàbá mi rí i.

Ìrun alásárì ò tíì tó tí mo ti parí. Raliat ti jáde, Khalid lọ ra èèrí ọkà. Ó yẹ kí n máa lọ ilé. Ilé wo? Abọ́ kan, ife kan, àga mẹ́fà.

Ni Jẹ́jẹ́ bá gbé ẹnu sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó ní àwọn irun gígùn kan lẹ́bàá ẹnu àti lábẹ́ ojú, wọ́n le díẹ̀, wọ́n sì ń rìn mí lọ́wọ́. Mo ní láyé mi, n kò jẹ́ kí oníbàárà dìde kí n má fá àgbọ̀n ẹ̀. Mo mú abẹ. Mo fá gbogbo ẹ̀, tẹnu tojú, ó ń dán. N kò sọ nǹkan kan, òun náà dúró jẹ́jẹ́.

Tí mo bá ní ìmọ́tótó ni mò ń wá, irọ́ ni. Mò ń wá ohun tó kù láti gẹ̀ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Raliat fi ohùn ránṣẹ́. Ewé náà dùn mọ́ ọn nínú gan-an. Kò mẹ́nu ba irun tí mo fá. Mo gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Mo ka ojú-ewé kẹta ìwé òfin yẹn. Yéè.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fá irun ẹ̀bá ẹnu àti ojú ẹṣin, kò sì gbọdọ̀ gé e kúrú. Òun ni ẹṣin fi ń mọ ohun tó wà nítòsí. Èyí tí wọ́n bá rí tí wọ́n ti fá tiẹ̀ ò ní wọ pápá.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Èmi, onígbàjámọ̀ ọmọ onígbàjámọ̀, ni mo fá a lẹ́yìn olórí.

Ọjọ́ Ajé, 13

Mo lọ. Mo parọ́ fún Khalid pé mo fẹ́ tún etí ewé yẹn ṣe. Jẹ́jẹ́ ń jẹun, ó fẹnu sọ etí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ètè ẹ̀ ya. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó ku ọjọ́ méjìlá. Lágbọ̀n tèmi, ọjọ́ mẹ́ta ni irun fi ń yọ. Ti ẹṣin ńkọ́?

Ọjọ́bọ̀, 16

Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ báyìí. Khalid rò pé mo fẹ́ràn ẹṣin. Ó ti ń gbé bẹ́ǹṣì sílẹ̀ dè mí. Irun náà ti ń hù.

Ìyá Fáìsá pè. Ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní a dúpẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 19

Mo dúró lápá ọ̀tún ẹ̀, mo ń fi fìlà lé eṣinṣin. Kò ṣẹ́jú. Mo tún fì í. Kò ṣẹ́jú. Mo lọ sápá òsì, mo fì í, ó gbé orí sókè kíá. Mo padà sọ́tùn-ún, mo na ìka títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹyin ojú ẹ̀. Ó ń wò mí rekete. Kò rí mi.

Ojú náà mọ́ o. Kò sí àmì kankan níbẹ̀. Ó ti tó ìgbà wo? Irun ẹ̀gbẹ́ ẹnu yẹn ló fi ń rìn lápá ibẹ̀, èmi ni mo gba ọ̀pá lọ́wọ́ afọ́jú. Àṣé kì í ṣe olórí kunkun. Òkùnkùn ni wọ́n ń fi pàṣán lé e wọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 20

Tí mo bá sọ, wọn á ní kí n má wá mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Irun náà ti gùn tó ẹyọ ìrẹsì. Adájọ́ lè má rí i. Tí mo bá panu mọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ á wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n á ní kó yà sọ́tùn-ún, á fi pàṣán kàn án níwájú èrò. Tó bá ta, tó gbé e ṣánlẹ̀ ńkọ́?

Tí mo bá sì sọ, Alhaji lè tà á. Ta ló ń ra ẹṣin olójú kan, bí kò ṣe alápatà?

Àti èmi náà. Kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Kò síbòmíì láyé yìí tí wọ́n ti ń gbé àga sílẹ̀ dè mí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni mí, mo sunkún lórí máàtì nítorí ẹṣin ẹlẹ́ṣin.

Ọjọ́rú, 22

Mo sọ ọ́. Mo ra dòdò Ìkirè dání bí òmùgọ̀, bíi pé dòdò ló máa bá mi bẹ̀bẹ̀. Mo sọ ti irun, mo sọ ti ojú. Alhaji ò pariwo. Wọ́n dìde, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n ní kí n má padà wá síbẹ̀ mọ́.

Ti Raliat ló dùn mí jù. Ó ní, "Mo nà án, Bàbá. Ojoojúmọ́ ni mo nà án."

Mo wọ bàtà mi, mo jáde. Mo gbàgbé dòdò sórí tábìlì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

Òní ni ìdíje. Òjò rọ̀. Orí kan ṣoṣo ni mo gẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 30

Ìyá Fáìsá pè. Ìwé ẹ̀ ti jáde, wọ́n ti gbà á láyè kó máa gbé ọ̀hún. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó ní Bàbá Fáìsá, ṣé ẹ gbọ́? Mo ní mo gbọ́. Mo ní a dúpẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, Nọ̀fẹ́ńbà 2

Raliat wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, òun fúnra ẹ̀. Mo fi àga gígẹ irun lọ̀ ọ́, kò jókòó. Dókítà ẹranko ti wá. Ojú ọ̀tún ti kú, tòsì náà ń lọ. Jẹ́jẹ́ ti ta Khalid nípàá. Alhaji ní tó bá tún ta ẹnì kan, títà ni. Dókítà ní ẹni tó bá fẹ́ sún mọ́ ọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kó sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn kan náà, lójoojúmọ́, kó lè mọ ibi tónítọ̀hún wà. Khalid kì í ní sùúrù. Raliat ń padà siléèwé lọ́la. Ó ti bẹ bàbá ẹ̀, wọ́n ti gbà pé kí n wá.

Mo ní, "N kò bá a sọ̀rọ̀ rí."

Ó ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́la, Bàbá."

Ọjọ́ Ajé, 3

Mo dúró lápá ọ̀tún ẹ̀, ẹnu mi gbẹ. Kí lèèyàn ń bá ẹṣin sọ? Mo sọ orúkọ mi fún un. Ọ̀ṣẹ́nì, ọmọ Làtífù onígbàjámọ̀. Mo sọ ohun tí mo fi abẹ ṣe sí i, mo tọrọ àforíjì. Etí ẹ̀ yí sọ́dọ̀ mi. Mo bá ń sọ ọ́ lọ. Mo sọ pé Ìyá Fáìsá ò bọ̀ mọ́, ohun tí n kò tíì sọ fún ẹ̀dá kankan. Ó na ẹnu sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Irun náà ti tó ìdajì ìka.

Lẹ́yìn ìrun mùgírì, èmi ni mo pe Ìyá Fáìsá ní Kánádà. Ẹ̀rù bà á, ó rò pé ara mi ò yá. Mo ní, "Mùnírátù, ilé yìí ti tóbi jù fún mi."

Ó dákẹ́. Mo ń bá ọ̀rọ̀ lọ.