Ẹ Fi Àyè Méjì Sílẹ̀ Nínú Ọkọ̀

Agbo-ilé Ọláògún,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1981.

Títílọlá ọmọ mi,

Ṣé àlááfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé kan náà ní Èkó ò yọ ọ́ lẹ́nu? Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọba tó jẹ́ kí ìjì òpin òjò ṣí páànù àwọn ẹlòmíràn tí kò ṣí tiwa. Ọwọ́ tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n fi kọ tìbànújẹ́ sí ọ láéláé. Ọwọ́ ara mi ni o. Láti ìgbà tí mo ti ń lọ ẹ̀kọ́ àgbà lọ́dọ̀ Tíṣà Ògúndípẹ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́rú, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ̀wé mọ́, bí o bá sì rí i tí ìlà àwọn ọ̀rọ̀ yìí ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bẹ́ǹṣì ilé ẹ̀kọ́ wa ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, kì í ṣe ọwọ́ mi. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan fara jọ Bàbá Mọ́níkẹ́ aládùúgbò wa nídìí irùngbọ̀n, a ò sì jẹ́ kó gbọ́. Ìyá Mọ́níkẹ́ ní kí n kí ọ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. O ní ìwọ àti Abọ́sẹ̀dé pẹ̀lú Harriet tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ lọ yíká àwọn erékùṣù tó wà lápá Àgbádárìgì nígbà ìsinmi Kérésìmesì, pé bọ́jẹ́ẹ̀tì yín kéré. Ìyẹn kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Bọ́jẹ́ẹ̀tì tí mo mọ̀ ni èyí tí ìjọba máa ń kà lórí rédíò, bí wọ́n bá sì ti kà á tán lónìí, iyọ̀ á gbówó lórí lọ́la. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ń jẹ́ kí àwọn ọmọge máa ní tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni o tún kọ ọ́ pé ẹ máa fò láti erékùṣù kan dé òmíràn, pé bí àwọn òyìnbó ṣe ń pè é nìyẹn. Títílọlá, omi ọ̀sà kì í ṣe gọ́tà. Jọ̀wọ́, ẹ wọkọ̀. Bí àwọn òyìnbó bá fẹ́ fò, ẹsẹ̀ wọn gùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fò lọ. O ní inú àpò lẹ máa sùn, nítorí ẹ ò lówó òtẹ́ẹ̀lì. Mo ti bi Tíṣà bóyá ó gbọ́ irú rẹ̀ rí, ó ní àwọn ológun máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n kí o rí i pé ẹ ò di ẹnu àpò náà o.

Fọ́ọ̀mù àwọn ọlọ́kọ̀ tí o fi sínú lẹ́tà náà dé ọwọ́ mi láìya. O ní kí n sáà kọ orúkọ mi síbi tí o fi bírò pupa sàmì sí. Mo gbé e lọ bá Tíṣà kí n tó kọ nǹkan kan, ó sì túmọ̀ ibẹ̀ fún mi, ó ní wọ́n ń béèrè ẹni tó súnmọ́ ọ jù lọ. Orí mi wú, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé o fẹ́ kí n jókòó tì ọ́ nínú ọkọ̀. O ò kọ ọ́ jáde gbangba, bóyá ojú ń tì ọ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ti tú àṣírí rẹ. Nítorí náà n kò fi mọ sí orúkọ nìkan, gbogbo rẹ̀ ni mo kọ. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá èèyàn mọ̀wẹ̀, mo kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí n gbé bírò gan-an ni ọ̀rọ̀ tí o kọ sígun lẹ́tà rẹ, pé kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí nínú ìdílé wa. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Èmi ni mo ṣe é, mi ò sọ fún ọ rí ni.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni. Mo pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, bàbá rẹ ò tíì fojú kàn mí. Èmi àti Sàfúrátù, ìyẹn ìyá aláṣọ tó ń gbé Ìkìjà tí o máa ń kúnlẹ̀ kí, la jọ di àdìrẹ wa, a wọ rélùwéè ní Láfẹ́nwá, a sọ̀kalẹ̀ ní Ìdó. Wọ́n ti sọ fún wa pé àwọn obìnrin erékùṣù fẹ́ràn àdìrẹ Ẹ̀gbá, kò sì sí ẹni tó ń gbé e lọ bá wọn. Àwa náà ò lówó lọ́wọ́. A ò pè é ní bọ́jẹ́ẹ̀tì, àìní la pè é. Ìró kan la fi san owó ọkọ̀ débi tí a kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí, arúgbó obìnrin Ègùn kan sì gbà wá sílé. Kò gbọ́ èdè wa, a ò gbọ́ tirẹ̀, síbẹ̀ a jọ sọ̀rọ̀ títí ẹja rẹ̀ fi yan gbẹ lórí ààrò. Ẹ̀gbẹ́ ààrò yẹn la sùn sí. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ẹja yíyan níbikíbi, mo máa ń di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún fún ìgbà díẹ̀, kí n tó rántí orúnkún mi.

Láàárọ̀, omi ọ̀sà á tẹ́ lọ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òòlù lù. Àgbọn tó bá já lulẹ̀ la fi ń mu gààrí. A ń lọ láti erékùṣù dé erékùṣù, Sàfúrátù ń kọrin, àwọn obìnrin ń jáde wá pàdé wa létí omi kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ pa aṣọ wa lára bí ẹni ń pa ọmọ tuntun lára. Mi ò mọ̀ pé ayé lè fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kó sì tún dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a ń lọ síbi kẹrin, ìdì aṣọ kọ̀ọ̀kan ló kù lọ́wọ́ wa. Èyí tó wà nínú tèmi ni aṣọ mẹ́rin tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi rẹ tí aró mú dáadáa. Èyí tó wà nínú ti Sàfúrátù ni àwọn àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí ìyá rẹ̀ fi ìyẹ́ adìẹ yà sílẹ̀ kó tó kú nínú Ààwẹ̀ ọdún yẹn. Kò fẹ́ tà wọ́n, ó kàn fẹ́ máa gbé wọn káàkiri ni. Bí ẹ̀fúùfù ṣe dé nìyẹn. Omi ń wọ inú ọkọ̀, atukọ̀ fọwọ́ júwe fún wa pé ẹrù kan gbọ́dọ̀ lọ. Sàfúrátù ń fi igbá gbọ́n omi, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo gbé ẹrù kan, mo jù ú sómi. Ọkọ̀ fúyẹ́, a sì yè é. Ẹrù Sàfúrátù ni.

Nígbà tó yíjú padà, mo sọ fún un pé èyí tí ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà ni. Kò bú mi, kò sunkún, ó ń gbọ́n omi rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí a jọ wẹ lódò nígbà èwe ń pè mí ní ẹ̀yin. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ilé, ó tán. A jọ ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ, a jọ ń lọ síbi òkú, a kì í jọ jókòó.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé, mo fẹ́ kọ orúkọ àwọn erékùṣù wọ̀nyẹn ránṣẹ́ sí ọ bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra wọn, mi ò rántí. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè rántí. Mo mú lẹ́tà rẹ àti fọ́ọ̀mù, mo gba Ìkìjà lọ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ. Mo bá Sàfúrátù níwájú ilé, mo sì ka gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo débi tí ẹ máa sùn sínú àpò, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ìka ka àwọn erékùṣù náà fún mi, kò fi ọ̀kan sílẹ̀, ó tún sọ orúkọ ajá arúgbó Ègùn yẹn. Ó wá wò mí lójú, ó ní, “Àsíátù, nígbà tí o gbé ẹrù yẹn, ṣé o mọ̀ pé tèmi ni?”

Ó pè mí ní o. Irọ́ tí mo ti ń pa bọ̀ láti ọjọ́ yìí wà lẹ́nu mi, ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Mo wo ilẹ̀, mo wo òun náà. Mo ní, “Mo mọ̀.”

Ó dìde, ó wọlé lọ. Mo rò pé kò ní jáde mọ́, mo ti ń ká lẹ́tà rẹ kí n máa lọ. Omi tútù ló bù wá fún mi nínú kọ́ọ̀bù. Ó dúró títí mo fi mu ún tán, ó wá béèrè ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Mo ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Ó ní ṣé fọ́ọ̀mù náà gba ẹni méjì.

Ó gbà á. Àyè kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n fi ìlà dúdú yí ká, Tíṣà ní ọ́fíìsì nìkan ló ń kọ nǹkan síbẹ̀. Mo kọ orúkọ Sàfúrátù síbẹ̀ kí iṣẹ́ ọ́fíìsì lè dín kù. Ní ti ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì tí wọ́n ní kí oníkálùkù wọ̀, ẹ má ra tiwa. A ti lọ bá Mọ́nsúrù télọ̀ ní Òkè-Ìlèwó, kò rán irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ní òun á ki òwú àràbà sí i nínú bíi tìmùtìmù. Ó ti wọn àyà wa. Ó béèrè bóyá a fẹ́ àpò, mo ní kó fi méjì sí i.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ránṣẹ́ fún Mọ́nsúrù àti owó ọkọ̀ wa dé Èkó. Àpò tí Sàfúrátù máa sùn sí, kó fẹ̀ ju tèmi lọ, ó ti sanra. Sọ fún Abọ́sẹ̀dé àti Harriet pé a ò ní yọ wọ́n lẹ́nu, à á sì máa dáná.

Ọlọ́run tó gbé omi kalẹ̀ tí kò fi ògiri dá a dúró, yóò mú ọ lọ, yóò mú ọ bọ̀. O ò ní bá ìjì pàdé. Bí o bá sì bá a pàdé, o ò ní ṣe ohun tí o máa fi ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n gbé lẹ́nu. Ẹni rere ni yóò jókòó sí ọ̀tún rẹ àti sí òsì rẹ. Àmín.

Mo fẹ́ dánu dúró níbí. Sàfúrátù gbé aṣọ funfun kan wá lánàá, ó ti fi ìyẹ́ adìẹ ya ọnà tí wọ́n ń pè ní Ẹyẹ Pé sí i bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń yà á, ó ní kí n bá òun rì í sínú aró. Kò ya aṣọ kankan láti ìgbà yẹn. Ó ti tó àkókò kí n lọ yọ ọ́ wò.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àsíátù Ọláògún.