Bàbá Rẹ Ti Kó Lọ Sínú Sítọ́ọ̀ Ẹ̀yìnkùlé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, torí mi ò kúnlẹ̀ kí n má dárúkọ rẹ. Ilẹ̀ ìlú ńlá yẹn ò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Àlàáfíà ni àwa náà wà, àfi bàbá rẹ tó ti kó jáde nílé.

Má fòyà, wọn ò lọ jìnnà. Inú sítọ́ọ̀ tí o rà fún wa ni wọ́n kó lọ, lẹ́yìnkùlé.

Ṣebí ìwọ lo ní kí n yan èyí tó bá wù mí nínú ìwé alápẹẹrẹ ilé-iṣẹ́ tó ń ta sítọ́ọ̀ yẹn. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó tì í. Ti pákó rẹwà, ṣùgbọ́n ikán ilé wa kì í fi pákó ṣeré. Ti páànù lágbára, àmọ́ yóò dípẹtà, bí òjò bá sì ń rọ̀ sórí rẹ̀ a ò ní gbọ́ ohùn ara wa. Mo bá mú ti rọ́bà. Ìwé náà ní ká wọn ohun tí a fẹ́ kó sínú rẹ̀, mo fi okùn wọn àkàbà, bárò, ọkọ́ mẹ́rin àti garawa méjì, mo sì mú èyí tó gbà wọ́n gẹ́lẹ́, torí owó rẹ ni mo ń ṣọ́. Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n wọn bàbá rẹ mọ́ ọn.

Ẹni tó wá tò ó ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó fọwọ́ gbá ògiri rẹ̀, ó ní ohunkóhun tí a bá kó síbẹ̀ kò ní gbó, pé ó ní gàráńtì ọdún mẹ́wàá. Bàbá rẹ ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì tí ọkọ́ àtijọ́ wa ò dípẹtà, wọ́n ní bí irin bá lè rí báyìí, mélòómélòó wá ni èèyàn. Wọ́n kó irinṣẹ́ jáde, wọ́n gbé àga àti ìrọ̀rí wọlé. Fọ́ọ̀mù tó bá a wá ní ká kọ bí ẹrù ṣe rí kó tó wọlé, bàbá rẹ kọ ọ́ pé eyín mẹ́ta ti lọ, ojú ọ̀tún ń ṣe bàìbàì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé inú sítọ́ọ̀ ló ti bàjẹ́.

Wọ́n tún pe ilé-iṣẹ́ náà lórí fóònù láti béèrè ọjọ́ tí ọdún mẹ́wàá náà bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tó gbé e béèrè ohun tí a kó síbẹ̀, bàbá rẹ ní àwọn ni. Ó ní kí wọ́n dúró díẹ̀, orin bá bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ ní ilé-iṣẹ́ náà mọ èèyàn yẹ́ sí, pé odindi wákàtí kan ni wọ́n fi kọrin fún àwọn.

Ìròyìn ti tàn káàkiri. Onígbàjámọ̀ òdìkejì ilé wa kò tilẹ̀ fẹ́ wọlé tán, orúnkún òsì tó ń dùn ún nìkan ló ń tì bọ ẹnu ilẹ̀kùn láràárọ̀, ìyókù ara rẹ̀ á jókòó síta. Ó ní ó ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ara bàbá rẹ jí pépé lóòótọ́. Èmi ni ara ò rọ̀. Àkàbà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì báyìí, torí kò síbòmíràn tí a óò gbé e sí. Mo lọ bá wọn lánàá pé ká jọ wà níbẹ̀, a gbìyànjú títí, bí ẹsẹ̀ mi bá wọlé, orí wọn á jáde. Wọ́n ní kí n fara dà á, pé ọdún mẹ́wàá kì í pẹ́. Ó dùn mí wọra. Ọdún mẹ́wàá tí wọ́n gbà yẹn, ta ni wọ́n fẹ́ bá lò ó, bí èmi tí mo wà níta bá gbó tán?

Nítorí náà, jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́ ká fi ra èyí tó tóbi, tó wà ní ojú ewé kẹsàn-án, tó ní fèrèsé. Fi rán awakọ̀ tó mọ ilé wa. Má fi sínú ẹ̀rọ tó ń pọ owó ní báńkì, mo kí i níjọ́sí, kò dá mi lóhùn, ẹni tí kò lè kí èèyàn kò gbọdọ̀ máa bá èèyàn tọ́jú owó. Bí sítọ́ọ̀ ńlá náà bá wọ́n jù, mi ò ní ni ọ́ lára. Ìwọ ṣáà bá mi kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, kí wọ́n pín ọdún mẹ́wàá bàbá rẹ sí méjì, kí wọ́n fún mi ní márùn-ún níbẹ̀. Márùn-ún tí a bá jọ lò ti tó wa.

Ọlọ́run á fún ọ ní ẹni tí o óò bá dàgbà, á sì fún un ní etí tó ń gbọ́ràn ju ti bàbá rẹ lọ.

Èmi ni, ìyá rẹ tó ń gbó lọ níta.