Orúkọ tí Màámi kì í pè

Ọjọ́bọ̀, Adjamé, kí ilẹ̀ tó ṣú

Ara mi ni mo ń bínú sí. Mademoiselle, ọ̀dọ́bìnrin tó wá láti yunifásítì, ń ṣèwádìí lórí àwọn àgbà tí àrùn ìgbàgbé ń yọ lẹ́nu. Ohun tí wọ́n ṣì rántí ló ń wá, kí wọ́n lè fi ìyẹn tọ́jú wọn. Èmi ni mo ń ṣe ògbufọ̀ fún Màámi, ìyá ọkọ mi.

Mademoiselle fi fọ́tò àbúrò ọkọ Màámi hàn án, ó béèrè orúkọ rẹ̀.

Màámi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Adúmáadán.”

Mo mi orí pé kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Mademoiselle kọ zéro, òdo.

Fọ́tò kẹta la wà kí ojú mi tó là. Ìyàwó ilé wo ló ń pe àbúrò ọkọ lórúkọ? Èmi gan-an, Bàbá Vridi ni mò ń pè é, orúkọ àdúgbò rẹ̀. Mo wá jókòó, mo jẹ́ kí wọ́n fún ìyá ọkọ mi ní zéro nítorí pé kò gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé.

Mo ṣàlàyé. Mademoiselle fa ìlà pa zéro náà, ó ní:

“Tantie, ìyá mélòó la ti fún ní zéro báyìí?”

Ó ní kí n bá òun tún ìbéèrè wọn tò kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun tó lọ bi àwọn àgbà àdúgbò Yopougon. Mo gbà.

Ló bá nawọ́ sí mi. Ó bi Màámi pé, “Èyí ńkọ́?”

Àràárọ̀ ni Màámi ń bi mí pé ta ni mí. Ó wò mí dáadáa.

“Ìyàwó mi ni. Ẹ fi í sílẹ̀, kò tíì jẹun.”

Lóòótọ́, n kò tíì jẹun.