Sípíkà Tí Yóò Gbé Ohùn Bàbá

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta, 2019
Bàbá tún kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n lónìí. Láti ìgbà tí Màámá ti kú, tí ojú Bàbá fúnra rẹ̀ sì fọ́, bó ṣe ń jókòó nìyẹn. Ẹni tó fi ogún ọdún dúró nínú gbọ̀ngán sinimá nílùú Masaka níbí, gbohùngbohùn lọ́wọ́, tó ń túmọ̀ fíìmù òyìnbó sí Luganda, èdè wa, fún èrò bí wọ́n ṣe ń wò ó! Ó ní ohùn tẹlifíṣọ̀n wa dà bí ti ẹni tó ki orí bọ ìkòkò.
Mo ti pinnu. Màá ra sípíkà gidi kó tó di ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ṣílè ni gbogbo agbára mi. Àga yẹn gbọ́dọ̀ yí padà.
Ṣùgbọ́n ṣé etí lè ṣiṣẹ́ ojú? Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà, n kò rí ìdáhùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5
Lubwama àbúrò mi — Ọ̀gá Bọ́ọ̀lù — ti gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n, sípíkà alápòótí márùn-ún ni kí ẹ rà! Tí wọ́n bá gbá a sáwọ̀n, ilé á mì!" Mo ní ta la fẹ́ rà á fún. Ó ní fún Bàbá náà ni. Ojú kò tì í.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9
Èmi àti Lubwama lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kaggwa, tó ń ta ẹ̀rọ ohùn. Ó fi fíìmù ogun dán alápòótí márùn-ún wò: kékeré kan láàárín, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì lẹ́yìn. Ọkọ̀ òfurufú gba orí wa kọjá. Mo tẹ orí ba — odidi tíṣà! Kaggwa fi ìyáàfin pè mí lédè wa: "Nnyabo, ẹ má sá, kò ní já lù yín." Owó mi ká a. Lubwama ti gbé páálí. Mo ní ó dìgbà tí mo bá padà.
Kí ló dá mi dúró? Fíìmù tó ní ògbufọ̀ nìkan la máa ń wò nílé. Èwo ni ti ọkọ̀ òfurufú?

Ọjọ́rú, 13
Lubwama ṣì ń bínú nítorí páálí tí mo ní kó gbé sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14
Mo padà lọ, pẹ̀lú sídì fíìmù kan tí Bàbá túmọ̀ — èyí tí wọ́n dà kọ látinú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, tí wọ́n gbà sílẹ̀ láàárín èrò gan-an. Kaggwa bú sẹ́rìn-ín: "Nnyabo, ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ bẹ́ńsì ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ mátókè?"
Ó fi í sí i. Àpótí mẹ́rin dákẹ́. Ti àárín nìkan, tó kéré jù, ló ń sọ̀rọ̀, ohùn Bàbá tín-ín-rín bíi ti ẹ̀fọn. Kaggwa họ orí. Ó ní ohùn ògbufọ̀ àti ti fíìmù ti lẹ̀ mọ́ra di ọ̀kan, ẹ̀rọ kò rí nǹkan pín, ó kó gbogbo rẹ̀ sí àárín. Àṣé ìdajì Masaka ló ń fi àpótí mẹ́rin ṣe ọ̀ṣọ́! "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún àwọn oníbàárà mi."
Mo bi í léèrè ohun tó ní tó jẹ́ méjì péré. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ eruku: sípíkà onípákó méjì, àlòkù, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn wọn ga. Ó fi sídì sí i — Bàbá wọ ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun níta yọjú: "Ta ló ń pariwo bẹ́ẹ̀?"
Lubwama, tó tẹ̀ lé mi, fajúro: "Àlòkù, ẹ̀gbọ́n? Kí làwọn ọ̀rẹ́ mi máa wí?" Òun náà ló rù ú délé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16
Wáyà, wáyà, wáyà.

Ọjọ́ Àìkú, 17
Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni mo tan sídì náà. Bàbá kọ ẹ̀yìn sí i. Ohùn ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó gbórí sókè. Ó yí àga padà — fúnra rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀. Mo rò pé ó parí síbẹ̀.
Ó kan ibi tí ọkọ kan padà dé, tí ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn Bàbá, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó náà: "Mo ti dárí jì ọ́. Wọlé."
"Irọ́ ni mo pa," ni Bàbá wí. Ó ní obìnrin náà kò sọ nǹkan kan nínú fíìmù yẹn. Màámá ló wà lẹ́yìn gbọ̀ngán lọ́jọ́ náà. Òun ti ṣẹ̀ ẹ́, òun kò sì mọ bí òun ṣe máa bẹ̀ ẹ́, lòun fi fi ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ sẹ́nu obìnrin inú fíìmù. Títí Màámá fi kú, kò sọ bóyá ó gbọ́.
Ló bá ní kí n dá a padà sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn "Wọlé", láti òkèèrè, láàárín ariwo èrò, obìnrin kan rẹ́rìn-ín, ó kúrú.
Bàbá bi mí: "Òun kọ́ nìyẹn?"
Èmi tí mo máa ń béèrè ẹ̀rí lórí ohun gbogbo. Ó lè jẹ́ obìnrin èyíkéyìí ní Masaka.
Mo ní, "Òun ni, Bàbá. Òun gan-an ni."