Òkun Tí Ẹ Yà fún Ìyá Wa

Bàbá wa, ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti lọ. Ọdún mẹ́ta! Bí afẹ́fẹ́ òkun bá fẹ́ wọlé nírọ̀lẹ́, a ṣì máa ń rò pé ẹ̀yin lẹ ń gbọn iyanrìn kúrò nínú bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá wa ló dùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹ̀yin ayàwòrán, tí ara yín le, lẹ ń jí lọ sétí òkun láràárọ̀, kí ẹ lè fi èédú ya ibi tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn dé mọ́. Ẹ ó mú àwòrán náà wálé, ẹ ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú bẹ́ẹ̀dì. Ìyá á rẹ́rìn-ín: "Bàbá àwọn ọmọ, iyanrìn kún ilé! Ṣé ẹ ń ya òkun ni, àbí ẹ ń kó o wálé díẹ̀díẹ̀?" Ẹ̀yin á ní, "Díẹ̀díẹ̀ ni. Ṣáà ti fẹsẹ̀ sílẹ̀. Láìpẹ́, wàá tẹ omi láìkúrò nílé."

Ẹnu ọ̀nà ìyá ni gbogbo wa ń ṣọ́. A ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni ikú ń dúró dè létí òkun.

Àkọ́bí yín ti parí yàrá tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun. A kùn ún ní funfun, a gbé ìyá wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti kọ́ ilé alájà mẹ́rin síwájú wa. Bí a bá ṣí fèrèsé, ògiri la ń rí. Àbúrò wa, tí ẹ máa ń pè ní Ẹsẹ̀-Ò-Gbélé, ti ga jù mí lọ. Òun náà ń yàwòrán. Ìyá ní òkun tirẹ̀ dà bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè sí.

Òkun tiyín nìkan ló kù. Ẹ ò fín oògùn tó ń mú èédú dúró sí àwọn àwòrán yín rárá. Ẹ ní àwòrán tí a bá ti fín, kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ìyá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé etí òkun, kí wọ́n tọ́ka ibi tí ẹ ti ṣì í yà. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, àkọ́bí yín ra oògùn náà wálé. Ìyá já agolo gbà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé mo ti débẹ̀ ni? Ta ló ní kí ẹ bá ọkọ mi parí iṣẹ́?"

Dókítà ti sọ pé ìyá ò ní í rìn mọ́. Wọ́n mọ̀. Àwa náà mọ̀. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni wọ́n ń ní ká gbé ọ̀kan nínú àwòrán yín sórí itan àwọn. Wọn á máa fọwọ́ pa ìgbì inú rẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Èédú ń ṣí mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọkọ̀ ojú omi ti lọ. Àwọn ẹyẹ ti lọ. Nínú èyí tí ẹ yà kẹ́yìn, ìlà tí omi ti pàdé sánmà nìkan ló ṣẹ́ kù, ìyẹn náà sì ti ń parẹ́.

Ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ wọn? Bí a bá gbà á, kí ni wọn ó rí dì mú? Bí a ò bá sì gbà á, kí la ó rí wò tó jẹ́ tiyín?

Láàárọ̀ òní, àyájọ́ ọjọ́ tí ẹ lọ, àtẹ́lẹwọ́ ìyá dúdú kirikiri. A gbé omi wá. Wọ́n ní ká má fọ̀ ọ́.

Bàbá wa, a fẹ́ràn yín, àárò yín ń sọ wá jù! A gbé omi náà padà. Ìyá pa ọwọ́ dé, wọ́n sì gbé e lé àyà.